Nígbà Tí Òjò Bá Bá Ìtànná Kajú: Ìṣòro Àwọn Àgbẹ̀ Eléso Nílẹ̀ Enugu

Arìnrìn-àjò tí ó bá gba ojú ọ̀nà Onitsha wọ ìlú Enugu láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ọdún kò lè ṣàì dẹ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ ní ìkóríta tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí 9th Mile. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ ti yí i ká pẹ̀lú igbá àti abọ́ lórí. Ẹnì kan ń polówó okpa gbígbóná, oúnjẹ tí ó fara jọ mọ́ínmọ́ín wa. Ẹlòmíràn ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sókè lójú fèrèsé. Ẹnì kẹta gbé èso kajú dání, pupa àti aláwọ̀ ìyeyè, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Èrò ọkọ̀ a ná an, a san owó, a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Díẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ pé èso tí àwọn ń jẹ lọ lójú ọ̀nà yìí ti ń di ohun tí àgbẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́.

Ilẹ̀ ibẹ̀ yẹ fún èso. Orúkọ Enugu fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí orí òkè ní èdè Igbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè gan-an ni ìgboro ìlú náà tẹ̀ dó sí. Láti ìgboro, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ kan gba Milken Hill gùnkè lọ sí Ngwo. Láti ibẹ̀ ni a ó ti dé Udi àti Oghe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ezeagu, a ó sì lè yà sí ọ̀nà àríwá títí dé Nsukka. Ilẹ̀ òkè ni gbogbo rẹ̀, ó pupa, ó ní iyanrìn nínú, omi kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó rì. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, yóò sì ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ yóò dé. Lórí ìlànà yìí ni àwọn baba ńlá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ oko wọn kà.

Nínú gbogbo igi eléso tí ó wà nílẹ̀ náà, kajú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òun ni ó mú owó wọlé jù fún mẹ̀kúnnù. Kì í ṣe igi ìbílẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Brazil ni ó ti wá. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e kọjá òkun wá sí etíkun wa ní ohun tí ó ju irinwó ọdún lọ, ẹnu wọn ni Yorùbá sì ti gba orúkọ tí a ń pè é títí di òní. Fún ìgbà pípẹ́, igi ẹ̀yìnkùlé àti igi etí ọ̀nà lásán ni. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní ọ̀pọ̀ yanturu. Àjọ Ìdàgbàsókè ti Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà dá oko kajú ńlá sí Oghe, Oji àti Mbala, gẹ́gẹ́ bí àjọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ti dá tirẹ̀ sí Ìwó, Erúwà àti agbègbè Ògùn Òkè. Lórí àwọn òkè Udi, kì í ṣe nítorí èso nìkan ni wọ́n ṣe gbin igi náà. Wọ́n fẹ́ kí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú ṣinṣin kí àgbàrá má baà máa wọ́ ọ lọ. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 gba àárín agbègbè yìí kọjá, ṣùgbọ́n kajú kì í ṣe igi tí ń tètè kú. Nígbà tí àwọn ènìyàn padà sílé, wọ́n bá púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí ìdúró, àwọn àgbẹ̀ sì ti mú irúgbìn láti ibẹ̀ gbìn sínú oko ara wọn.

Àkókò tí owó kajú ń wọlé ni ó sọ ọ́ di ohun iyebíye. Ní oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún, iṣu inú àká ti ń tán lọ, iṣu tuntun kò sì tíì ta. Ìgbà náà gan-an ni a ń ṣa kajú. Owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń san owó ilé ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń ra ajílẹ̀ àti èbù iṣu fún ọdún tuntun. Bí kajú bá kùnà, kì í ṣe oko kajú nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ó tọ́ kí òǹkàwé mọ ohun tí igi yìí ń fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Kajú ń fẹ́ òjò láti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ọ̀dá láti yọ òdòdó. Nígbà tí òjò bá dá, tí ilẹ̀ gbẹ, ni ẹ̀ka rẹ̀ yóò rúwé tuntun, tí òdòdó yóò sì yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka náà láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Lórí ṣírí òdòdó kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó lè wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú wọn ni yóò di èso. Kì í ṣe gbogbo òdòdó náà ni ó lè so: akọ ni ọ̀pọ̀ wọn, ìwọ̀nba ni èyí tí ó ní akọ àti abo pọ̀. Oyin, eṣinṣin àti èèrà ni wọ́n ń gbé àtíkè òdòdó láti ọ̀kan dé èkejì. Kóró ni yóò kọ́kọ́ dàgbà, tí yóò rọ̀ bí kíndìnrín ewúrẹ́; èyí tí a ń jẹ, tí a sì ń pè ní èso, ẹ̀yìn kóró ni ó ń wú jáde. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti gba àtíkè títí kóró yóò fi gbó, bí oṣù méjì ni. Gbogbo ìrètí ọdún kan, inú ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ yìí ni ó há sí.

Nísinsìnyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀ ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí òdòdó ti tan sílẹ̀? Àtíkè òdòdó yóò lẹ̀ mọ́ra, oyin kò ní jáde, àrùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní anthracnose yóò sì rí ọ̀rinrin tí ó ń wá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣírí òdòdó yóò dúdú bí ẹni pé iná rà á lára, yóò sì máa já bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọyẹ́ ni ó le jù, tí oòrùn mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ táútáú, òdòdó náà yóò rọ kí ó tó gba àtíkè. Àgbẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Igi rẹ̀ kò ní kú o; yóò dúró, yóò tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí ń kọjá lọ yóò máa sọ pé oko yìí mà dára o. Oní nǹkan nìkan ni ó mọ̀ pé kò sí kóró nílẹ̀.

Irú òjò àìròtẹ́lẹ̀ báyìí ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni pé ayé ti gbóná ju bí ó ti wà lọ. Láàárín ọdún 2011 sí 2020, ìwọ̀n ooru gbogbo ayé fi nǹkan bíi 1.1 díg̀rì Sẹ́ńtígíréèdì ju ti ọdún 1850 sí 1900 lọ, ọdún 2024 ni ó sì gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n yìí lè dà bí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n fún díg̀rì kan tí afẹ́fẹ́ bá fi gbóná sí i, ó lè gbé bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé omi púpọ̀ yóò fa omi púpọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó bá sì tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, yóò tú u pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ráhùn ohun méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n takora: ọ̀dá gùn sí i, òjò sì le sí i.

Ẹ̀rí kan tí kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn ni ti oṣù Kejì ọdún 2024. Ní àárín oṣù náà, ooru ọlọ́rinrin kan bo gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Côte d'Ivoire títí dé Nàìjíríà. Bí ó ti ń ṣe ara ènìyàn ní àwọn ibì kan dà bí àádọ́ta díg̀rì Sẹ́ńtígíréèdì. Àjọ tí ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé gbígbóná tí ayé gbóná ti jẹ́ kí irú ooru bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju bí ìbá ti rí lọ. Inú oṣù Kejì náà gan-an ni kóró kajú ń gbó lórí igi, tí máńgòrò sì ń wú.

Ọ̀rọ̀ ata Nsukka kò yàtọ̀. Ata kì í ṣe èso lójú ọlọ́jà, ṣùgbọ́n èso ni lójú onímọ̀ ewéko, èyí tí wọ́n ń gbìn ní Nsukka sì ní òkìkí tirẹ̀. Bí ó bá pọ́n, àwọ̀ ìyeyè ni ó ń ní, òórùn rẹ̀ a sì máa gba gbogbo ilé kan bí ìyá ilé bá ti là á sínú ọbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ní bí a bá gbé irúgbìn rẹ̀ lọ gbìn níbòmíràn, òórùn náà kì í rí bákan náà. Ooru ọ̀sán nìkan kọ́ ni ó ń dá ata láàmú, ti òru ni ó burú jù. Igi ata tí ó bá ti gba ooru ní ọ̀sán ń retí kí ilẹ̀ ṣú, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Bí òru náà bá ń gbóná, yóò gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Èyí tí ó bá sì rọ́kú, bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá bá a nílẹ̀, ìdí rẹ̀ lè jẹrà. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, ti ń ṣe ìwádìí lórí ata yìí, ohun tí ó sì bójú mu ni, nítorí kò sí ibòmíràn tí a ó ti wá a bí ó bá parẹ́ níbẹ̀.

Ní ti máńgòrò, kòkòrò ni wàhálà rẹ̀. Eṣinṣin èso kan tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá ni a kọ́kọ́ rí ní Áfíríkà ní Kenya ní ọdún 2003, láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Abo rẹ̀ a máa gún èèpo máńgòrò tí ó ń pọ́n, a sì yé ẹyin sínú rẹ̀. Èso yóò máa dán lójú, ìdin yóò sì ti kún inú rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń gbóná sí i láìjù, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí ẹyin fi ń di eṣinṣin yóò máa kúrú sí i, tí ìran púpọ̀ yóò fi jáde láàárín àsìkò máńgòrò kan ṣoṣo. Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Ògbètè tí ó lè fi ojú lásán yọ èyí tí ó ní ìdin kúrò nínú agbọ̀n.

Agbálùmọ̀, tí àwọn Igbo ń pè ní udara, sàn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Igi ilẹ̀ wa ni, gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó sì ti bá ọ̀dá pàdé rí. Àṣà Igbo kan wà pé a kì í ká udara lórí igi, a ń dúró kí ó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì rí i nílẹ̀ ni ó ni ín. Àṣà tí ó dára púpọ̀ ni, ó sì dáàbò bo igi náà fún ìgbà pípẹ́. Àáké àwọn tí ń kọ́lé ni ó ń bá a jà lónìí ju oòrùn lọ.

Ibi tí òjò líle ti ń ṣe ọṣẹ́ tí ojú kò lè ṣàìrí ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyanrìn pupa àwọn òkè wọ̀nyí kò ní agbára láti dúró níwájú omi tí ń sáré. Ojú àgbàrá tí ènìyàn lè fo kọjá ní ọdún yìí lè di ọ̀gbun tí yóò gbé ilé mì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti Udi títí dé Agulu àti Nanka ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ètò NEWMAP, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú owó tí ó yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní ọdún 2022, dí díẹ̀ nínú wọn. Igi kajú tí àwọn àgbà gbìn láti mú ilẹ̀ dúró ti wá di ohun tí ilẹ̀ ń yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022 náà ni omíyalé pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta ní Nàìjíríà, tí ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lọ kúrò nílé wọn, púpọ̀ nínú wọn ní etí odò Ọya.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ohun kan nínú tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ó bani nínú jẹ́. Èédú ni ó dá ìlú Enugu. Ní ọdún 1909, àwọn òyìnbó tí wọ́n ń wá fàdákà kiri ni wọ́n ṣe kòńgẹ́ èédú nínú òkè Udi. Ní ọdún 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọ́n sì fa ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Port Harcourt. Èédú náà ni ó ń ti ọkọ̀ ojú irin kiri gbogbo Nàìjíríà, òun náà ni wọ́n fi ń dáná fún ẹ̀rọ mànàmáná ní Oji àti ní Ìjọra l'Ékòó. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú: ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ìwakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley. Lónìí a mọ̀ pé èéfín èédú, ti epo rọ̀bì àti ti gáàsì ni ó ń bo ayé mọ́lẹ̀ bí aṣọ tí ooru kò lè gbà jáde. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di ẹ̀bi ru ẹni tí kò tọ́ sí. Gbogbo Áfíríkà pátápátá, bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni èéfín tí ó ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Ohun tí ihò èédú Enugu mú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀kán omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ mìíràn pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo oko tí kò so ni ojú ọjọ́ bà jẹ́. Púpọ̀ nínú igi kajú ilẹ̀ Enugu ti darúgbó, wọ́n sì há mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn kì í fi í ráàyè wọlé. Iná ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń ro oko ń tì bọ igbó ń jó òdòdó àti ọmọ igi lọ́dọọdún, àfọwọ́fà gbáà sì ni. Ilé ń gba ilẹ̀ oko lọ láti Emene títí dé 9th Mile. Bí a bá di gbogbo ẹrù yìí lé oòrùn lórí, a ó kàn fi àyè gba ara wa láti má ṣe ohunkóhun.

Ohun tí ọwọ́ àgbẹ̀ lè ká wà. Ilé Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà, tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nílùú Ìbàdàn láti ọdún 1964, tí kajú sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ń gba àgbẹ̀ níyànjú láti gbin igi kajú jìnnà síra, kí ó máa rẹ́ ẹ̀ka tí ó ti gbẹ, kí ó sì máa pààrọ̀ àwọn igi arúgbó díẹ̀díẹ̀. Ọmọ igi tí a fi ẹ̀ka igi tí a mọ ìran rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ń tètè so ju èyí tí a gbìn láti ara kóró lásán lọ. Fífi koríko gbígbẹ bo ìdí igi àti ìdí ata ń pa omi mọ́ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ríro etí oko yíká kí ọyẹ́ tó dé ń dí iná lọ́nà. Máńgòrò tí ó bá bọ́ sílẹ̀ kò yẹ kí a fi sílẹ̀ kí ó rà. Rírì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ ni yóò pa ìdin inú rẹ̀. Ilé oyin kan tàbí méjì nínú oko kajú ń ran òdòdó lọ́wọ́, oyin rẹ̀ sì jẹ́ èrè lọ́tọ̀. Lọ́dọọdún ni NiMet ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ìkéde náà wúlò, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó tó dé etí ìyá àgbà kan ní Ezeagu bí kò bá sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ó gbọ́.

Èyí tí ó ju ọwọ́ àgbẹ̀ lọ ni ti ọjà.  Ní báyìí Vietnam àti India ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ, ní tútù, kí a tó fọ́ ọ níbẹ̀. Èso tí a ń jẹ kì í lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kí ó tó bàjẹ́, inú oko ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń jẹrà sí. Bí ilé iṣẹ́ bá wà nítòsí tí ń fún omi rẹ̀, tí ó sì ń fọ́ kóró rẹ̀, ọdún tí igi bá so díẹ̀ kò ní dun àgbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí yóò rí owó gidi lórí ìwọ̀nba tí ó rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó ṣe àkàlàmàgbò tí ó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bí ó bá ṣe igúnnugún, yóò wokoko mórí ẹyin. Kajú Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ìwó àti ti Erúwà ń yọ òdòdó nínú ọyẹ́ kan náà tí ti Oghe ń yọ tirẹ̀, òjò oṣù Kejìlá kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbin ọmọ igi kajú sílẹ̀ ní òjò ọdún yìí, ìbáà ṣe ní Udi tàbí ní Ọ̀yọ́, yóò fi bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún dúró kí ó tó rí èso àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, igi náà yóò máa so fún bí ọgbọ̀n ọdún, lábẹ́ ojú ọjọ́ tí kò ní rí bí ti òní.